Ọjọ́ Tí Òkúta Ààrò Dún Bí Ìbọn

Nígbà tí mo wà ní kékeré níhìn-ín ní Ẹdẹ, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín iwájú, òjò àkọ́rọ̀ kan rọ̀ tó wó ilé ìdáná wa lulẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí lè máa rò pé kí ló wà nínú ilé ìdáná tó wó tí arúgbó á fi máa rántí rẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọbẹ̀ tí a sè nítorí ilé ìdáná yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù.

Nígbà náà, ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, a sì ti ń rí gárawá òyìnbó àti aṣọ òyìnbó lọ́jà. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ogun ti parí, pé kò sí ẹni tó tún lè mú ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú mọ́. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìyá bàbá mi. Ogun ti kó òun alára rí nígbà tó wà lọ́mọge. Wọ́n mú un lọ, wọ́n tà á, ó sìnrú ní ìlú tí kò mọ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wá a rí, tó sì rà á padà. Kì í sọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, ìyá àgbà á pa ẹnu mọ́ lórí ohun tó bá ń sọ, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì ní mira títí ariwo náà á fi lọ. Àwa ọmọdé a máa sín in jẹ. A ò mọ ohun tí à ń fi ṣeré.

Bàbá mi tún ògiri ilé ìdáná náà mọ. Nígbà tó gbẹ, ó bẹ ọ̀wẹ̀, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun fi koríko bẹẹrẹ bo orí ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ kì í sanwó, oúnjẹ ni yóò fi ṣe àwọn tó bá wá. Oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n á jẹ tí wọ́n á máa ròyìn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìyá mi ti lọ sí Alájùẹ́, àbúrò rẹ̀ bímọ níbẹ̀. Ìyàwó kékeré tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti ìlú Ara ni iṣẹ́ náà já lé lórí.

Ọmọbìnrin tútù ni ìyàwó yìí. Òun ló máa ń pè mí ní ọkọ mi, nítorí pé wọ́n ti bí mi sílé kó tó wọlé wá, ó sì máa ń fún mi ní ẹja inú ìkòkò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹun. Kò tíì dá ọbẹ̀ sè fún àlejò rí, abẹ́ ọwọ́ ìyá mi ló máa ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní bí ọbẹ̀ náà bá bàjẹ́, ìròyìn á ti dé ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Ara kí oòrùn tó wọ̀. Kò parọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ̀wẹ̀ yẹn, ẹnu wọn yá ju ọwọ́ wọn lọ.

Ààrò amọ̀ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ti bá ilé ìdáná wó. Ìyàwó ní àgbàlá ni òun yóò ti dáná, lórí òkúta mẹ́ta. Nígbà tó lọ pọnmi, ó ti rí òkúta nínú odò Ọ̀ṣun, létí ibi tí omi ti fà sẹ́yìn: òkúta dúdú, wọ́n dán, wọ́n rí roboto, ó dà bí ẹni pé ènìyàn ló fọwọ́ mọ wọ́n. Ó fi òṣùká rù wọ́n wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà pàápàá fọwọ́ pa wọ́n lára, ó ní wọ́n dára. Ní Ara tí ìyàwó ti wá, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń ṣa òkúta ààrò wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òkúta tó ti pẹ́ nínú omi máa ń mu omi sínú, pé iná sì lè fọ́ ọ. Nínú ilé wa, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ ọjọ́ náà ti ń ṣe wá bákan. Igi ìdáná tutù, èéfín sì bo gbogbo àgbàlá débi pé àwọn ọkùnrin tó wà lórí òrùlé ń wúkọ́, wọ́n ń bèèrè bóyá àwọn ni wọ́n fẹ́ yan jẹ. Bí mo ṣe ń fẹ́ iná, tí ojú mi ń ṣomi, ewúrẹ́ wa kan ki ẹnu bọ inú ẹ̀gúsí tí a ti lọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó lé e, ewúrẹ́ náà sá lọ tòun ti irùngbọ̀n tí ẹ̀gúsí ti sọ di funfun, ó dà bí bàbá arúgbó. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò lè rẹ́rìn-ín. Ó tún ẹ̀gúsí mìíràn lọ̀ lórí ọlọ, òógùn ń kán sí i lójú. Nígbà tí iná wá jó tán, tí epo ti gbóná, tó da ata sí i, tó ki ẹran òkété gbígbẹ bọ̀ ọ́, tí òórùn irú gba gbogbo ilé, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti òkè. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kó mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òkúta kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohùn tínrín ni, ṣíìì, ṣíìì, omi sì ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó tẹ́tí. Ó ní, “Ọkọ mi, ṣé o gbọ́? Ó dà bí ẹni pé òkúta yìí ń mí.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ó dún. Gbàù! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Eérú bo ojú ọ̀run mọ́ wa lójú, ìkòkò fò sókè, ó là sí méjì, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rọ̀jò lé gbogbo wa lórí. Àfọ́kù òkúta kan fò kọjá létí mi, ó wọ ara ògiri tuntun lọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan yọ̀ láti orí òrùlé, ó balẹ̀ sórí òkìtì koríko, ibẹ̀ ló sì ti ń pariwo pé wọ́n ti yìnbọn lu òun, nítorí ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó rí ohun pupa. Epo ọbẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, òkúta kejì dún.

Ìyá àgbà wà lórí ẹní níwájú ilé, ó ń yá oòrùn. Mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohùn ọmọge ni. “Ogun dé o! Ẹ sá o! Wọ́n ti wọlé o!” Ìlú tó gbọ́ ìbọn lẹ́ẹ̀mejì, tó tún gbọ́ igbe yẹn lẹ́nu àgbàlagbà, kò dúró bèèrè nǹkan kan mọ́. Igbe náà fò láti agbo ilé wa sí èkejì. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé. Obìnrin kan ní ilé tó kángun sí wa gbé adìyẹ tó ń sàba tòun tagbọ̀n rẹ̀ rù, ó fi gbogbo ẹrù rẹ̀ yòókù sílẹ̀, ẹyin sì ń ṣàn sílẹ̀ lójú rẹ̀ bó ti ń sáré.

Ìyá àgbà tí a máa ń fa lọ́wọ́ kó tó dé ẹ̀yìnkùlé, òun ló gbá mi lọ́wọ́ mú. Kò mú ọ̀pá. Ó fà mí gba àárín ilé, a gba ẹ̀yìnkùlé, a wọ oko àgbàdo, a kọjá rẹ̀, a gba ọ̀nà odò. Ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé nídìí ààrò ni ohun náà ti dún, pé mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kò sí. Nígbà tó sì yá, èmi gan-an kò mọ ohun tí mo rí mọ́. Bí àgbàlagbà tí o gbẹ́kẹ̀ lé bá ń sáré bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọdé á gbà pé ohun tí wọ́n sọ ló ń lé yín.

Ó wọ́ mi wọ inú àkùrọ̀ létí odò, lẹ́yìn igi ọ̀pẹ kan tó ti wó, ibi tí ewé ti di. Ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó bu ẹrẹ̀, ó fi kùn mí lójú, lọ́rùn, lápá, ó ní bí mo bá rí bí ọmọ tó ń ṣàìsàn wọn kò ní fẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan ìdí mi, ó já okùn ìlẹ̀kẹ̀ mi, ó tẹ gbogbo rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kó má baà dún. Mo fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ náà gan-an. N kò lè sunkún rẹ̀.

Ó wá fi ẹnu kò mí létí. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyí, mo sì gbọ́ ọ dáadáa bí ẹni pé òní ni.

“Bí wọ́n bá mú wa, má ṣe pè mí ní ìyá. Má wo ojú mi. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo ni ọ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á tà wá gbà. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní orúkọ, sọ èyí tó bá wù ọ́, má sọ tìrẹ. Fi tìrẹ pamọ́. Òun ni wàá fi wá ilé padà.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Èèrà ń gun mi lẹ́sẹ̀, n kò lè gbọ̀n ọ́n kúrò. Ọkàn ìyá àgbà ń lù kìkìkì lẹ́yìn mi, mo sì ń rò ó pé àwọn tó ń wá wa á gbọ́ ọ.

A wà bẹ́ẹ̀ títí ìlú fi dákẹ́. Ìdákẹ́ náà burú ju ariwo lọ. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ọ̀nà oko.

“Ìyá mi o! Ẹ jáde o! Kì í ṣe ogun! Òkúta ni o!”

Inú mi dùn, mo fẹ́ dìde. Ìyá àgbà tún fọwọ́ dí mi lẹ́nu, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, “Wọ́n ti mú un. Òun ni wọ́n ń tì síwájú kó máa pè wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú èmi.” Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sí mi lórí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń pè é yẹn, kò sì lè dáhùn. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohùn bàbá mi. Bó bá ti sún mọ́ wa, mo máa ń gbàdúrà nínú mi pé kó máa lọ.

Ó kọjá, ó tún padà. A gbọ́ ohùn ìyàwó pẹ̀lú rẹ̀, ó ń sunkún. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ọbẹ̀ ni mò ń sè. Ọbẹ̀ lásán ni mò ń sè o.”

Mo rò pé ẹkún yẹn ló mú kí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ìyá àgbà kò dìde, ṣùgbọ́n ó gbé ohùn sókè láti ibi tí a sá pamọ́ sí. “Bí kò bá sí ẹni tó dè ọ́, gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè kí n rí i!”

Bàbá mi dúró gbagidi lójú ọ̀nà. Mo ń wò ó láàárín ewé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó na ìka rẹ̀.

“Yí ẹ̀yìn padà!”

Ó yípo, ó sì fi ẹ̀yìn hàn wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

“Ìyàwó ńkọ́?”

Ìyàwó náà gbé tirẹ̀ sókè. Orógùn ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé òun mú un dání wá. Ẹ̀gúsí ti gbẹ mọ́ ọn lórí, apá rẹ̀ kan sì ti wú níbi tí epo gbígbóná ti jó o. Ìyá àgbà tún wo igbó ẹ̀yìn wọn fún ìgbà pípẹ́, bóyá ewé kan á mì. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó jọ̀wọ́ mi. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Bàbá mi ló pọ̀n ọ́n wálé, bí ẹni pọn ọmọ.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Nígbà tí a dé ilé, àkódà ti dúró sí àgbàlá wa. Àkódà yìí ni ìránṣẹ́ ààfin, ẹni tí wọ́n ń rán wá mú ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Láti ìgbà tí òyìnbó ti dé, wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yìnbọn láàárín ìlú. Bàbá mi sì ní ìbọn ṣakabùlà kan tó fi ń ṣọdẹ, ó wà lókè àjà. Àkódà ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e sí apá. Ó ní kí bàbá mi tẹ̀ lé òun, kó lọ rojọ́ fún ọba, bí ọba bá sì fà á lé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́, kó tún rò ó níbẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní òkúta ni, òkúta ààrò òun ló dún. Àkódà wò ó bí ẹni wo aṣiwèrè.

“Òkúta wo ló ń yìnbọn?”

Òkúta kẹta ṣì wà nínú ẹyin iná. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àkódà, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn rò pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún òun ni. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú eérú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè wò ó. Mo sá sẹ́yìn bàbá mi, mo di aṣọ rẹ̀ mú. A gbọ́ ṣíìì. Àkódà náà gbọ́ ọ. Ó gbórí sókè, ó yí padà kó máa lọ, ìgbà yẹn ni ó dún.

Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni. Àkódà fò, tòun ti ìbọn bàbá mi, ó sì balẹ̀ sínú kòtò tí a ti po amọ̀ ilé ìdáná, tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀. Ó rì dé àyà. Fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lórí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wa mọ agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ẹrẹ̀ odò ṣì wà lára rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó wà nínú kòtò, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi di ẹkún, títí ẹkún náà fi tún di ẹ̀rín. Àkódà nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo ti rí i. Òkúta ni.” Ó na ìbọn sí bàbá mi, ó ní kí wọ́n fa òun jáde. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn, kò sí ẹni tó lọ sí ààfin.

Iṣu sísun ni àwọn tó ṣọ̀wẹ̀ jẹ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú epo. Ìyàwó kò jáde sí wọn. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n á ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n pè é wá. Ó fi oyin pa á lápá níbi tí iná ti jó o, ó sì bi í pé, “Nígbà tí gbogbo ènìyàn sá, ibo ni ìwọ sá gbà?”

Ìyàwó ní, “N kò sá, ìyá mi. Mo dúró sídìí ààrò. Mo rò pé èmi ni mo pa gbogbo yín.”

Ìyá àgbà ń fi oyin pa á lápá lọ, ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ̀rọ̀ burúkú sí ìyàwó yẹn lójú ìyá àgbà. Ilé wa ló wà, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ló darúgbó sí. Ìyá mi ní tirẹ̀ sáré dé láti Alájùẹ́ lọ́jọ́ kejì láìwọ bàtà, nítorí àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà ti sọ fún un pé ogun ti jó Ẹdẹ, pé kò ku ilé kan. Nígbà tó bá wa, tí a jókòó tí à ń jẹ ẹ̀kọ, ó kọ́kọ́ gbá mi létí, kó tó gbé mi mọ́ra.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹ ń fi ìṣáná kan ṣoṣo dá iná sítóòfù, ọbẹ̀ á sì ti jinná kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ojú mi ì bá tún ríran ju báyìí lọ bí kì í bá ṣe ti èéfín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò pé ó yí padà jù kì í ṣe ti ààrò. Nígbà ọdún, ẹ̀yin ọmọ máa ń yin ohun abúgbàù kéékèèké yín lójú títì, ó ń dún gbàù gbàù, bí mo bá sì gbọ́ ọ, ọwọ́ mi á ti na sí ọmọ tó bá sún mọ́ mi jù kí n tó mọ̀. Ọmọ náà á wo ojú mi, á máa fi mí rẹ́rìn-ín, á já ọwọ́ rẹ̀ gbà, á sì sáré lọ síbi tí ariwo náà wà. Ìyá àgbà kò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ọmọ tó ń sáré lọ bá ariwo. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín bó bá ṣe wù yín. Mo máa ń jókòó síbí, mo máa ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń dùn mọ́ mi létí.